Àwọn Ihò Abẹ́ Fèrèsé Màmá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Òjò rọ̀ láti ìdájí títí di ọ̀sán. Mo nu ilẹ̀ yàrá Màmá, mo fún aṣọ ìnulẹ̀ sínú korobá, mo tún nu ún, kò pẹ́ tó tún kún. Ògiri abẹ́ fèrèsé ti wú bíi búrẹ́dì tó já sínú omi. Ọ̀dà ń ré bọ́ lára rẹ̀, ibi tí ọ̀dà ti kúrò sì ti bu, ó dúdú. Mo fi ìka kàn án, ìka mi wọlé.

Nọ́ọ̀sì wá gbọ́ àyà Màmá. Ó pẹ́ lẹ́yìn wọn kó tó dìde, ó wá pè mí sí ìta.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Oògùn tí mò ń fún Màmá ò lè bá ògiri yẹn jà. Ọ̀rinrin yẹn ni wọ́n ń fà símú tílẹ̀ fi ń mọ́. Tí yàrá yẹn ò bá gbẹ, ẹ bá wọn wá ibòmíì."

Ibòmíì wo? Yàrá tèmi ò ní fèrèsé. Nígbà tí a gbé Màmá síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ó dà bíi pé wọ́n dé àwọn mọ́ inú ìkòkò. Pálọ̀ ni mo ti ń ránṣọ, òun náà ni ṣọ́ọ̀bù mi, eruku aṣọ ibẹ̀ nìkan tó láti pa ẹni tí àyà rẹ̀ le, ká má tíì sọ ti Màmá.

Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi, pè lálẹ́. Nọ́ọ̀sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, mo gbọ́ ọ lóhùn wọn. Wọ́n ní àwọn máa gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù tó ń bọ̀, pé àwọn máa wá. "Tí yàrá yẹn bá ti gbẹ, kò burú. Tí kò bá gbẹ, mò ń gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ mi. Má bá mi jiyàn." Òkè pátápátá ilé alájà ni Bọ̀dá ń gbé, odindi ọjọ́ kan gbáko lójú ọ̀nà sí wa.

Màmá ti gbọ́. Etí wọn kì í di tó bá ti kan ọ̀rọ̀ wọn. "Sọ fún un pé èmi kì í ṣe ẹrù. Inú yàrá yìí ni bàbá yín ti dágbére fún mi, inú ẹ̀ lèmi náà ti máa dágbére fún yín."

Mo ti pinnu o. Yàrá yẹn máa gbẹ. Mi ò mọ bó ṣe máa gbẹ, ṣùgbọ́n ó máa gbẹ ṣáá ni.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹfà

Mo lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́dà tó ń ta ohun ìkọ́lé ní ìkòríta. Mo ṣàlàyé, ó mi orí bíi dókítà. Ó gbé gọ́ọ̀mù kan jáde, funfun, nínú ike gígùn tó ṣẹnu ṣóńṣó. "Àǹtí Télọ̀, omi ò ní gba ibi tí èyí bá wà kọjá láéláé. Ẹ kàn fún un sójú ibi tó là, ẹ fi ìka nù ún, ó parí."

Owó rẹ̀ ti lé sí i ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Mo ní kí ló dé. Ó ní òjò ló dé.

Ó yá mi ní ìbọn tí wọ́n fi ń fún un. Màmá rí i lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń wọlé.

"Ta lo fẹ́ yìnbọn lù?"

"Òjò ni, Màmá."

"Rọra o. Ọmọ-ogun tirẹ̀ pọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, mo sì gbé wọn jókòó títí ó fi rọlẹ̀. Wọn ò wúwo mọ́. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà

Oòrùn yọ díẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì kọjú sí fèrèsé náà látìta.

Kí n sọ òótọ́, mo gbádùn iṣẹ́ náà. Gọ́ọ̀mù yẹn ń jáde lẹ́nu ìbọn gẹ́lẹ́ bí mo ṣe fẹ́, mo sì fi ìka tó rin nù ún títí ó fi gún régé bí etí aṣọ tí mo ṣẹ́ fúnra mi. Mo dí gbogbo ojú ibi tí férémù ti pàdé ògiri nísàlẹ̀, ibi tí omi ń gbà yọ síni lójú. Òkè fèrèsé ga, àkàbà mi sì ti ń mì, mi ò yọ ara mi lẹ́nu débẹ̀. Òkè kọ́ ló ń jo.

Nígbà tí mo tẹríba wo abẹ́ férémù, mo rí àwọn ihò kéékèèké, wọ́n tò lọ lẹ́sẹẹsẹ bí ojú bọ́tìnì tí kò ní bọ́tìnì. Ẹnu yà mí. Bàbá mi, bíríkìlà tí gbogbo àdúgbò ń wá, tí yóò fi okùn wọn ògiri títí orí oníṣẹ́ yóò fi gbóná, òun ló fi ihò sílẹ̀ lára fèrèsé ìyàwó rẹ̀! Mo ní Bàbá, ẹ sùn o, ọmọ yín máa bá yín parí ẹ̀. Mo fún gọ́ọ̀mù sínú ìkọ̀ọ̀kan títí ó fi kún dẹ́nu. Èmi ò lè rí ojú ihò kí n fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń jẹun nídìí ẹ̀ nìyẹn.

Òórùn gọ́ọ̀mù náà kan, ó ń ta ni nímú bí ohun tó ti kan ju kíkan lọ. Mo ní kí Màmá máa sùn ní pálọ̀ títí òórùn náà yóò fi lọ. Wọ́n ń wúkọ́ láàárín àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń bẹ èmi náà.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹfà

Òjò ńlá láàárọ̀. ILẸ̀ GBẸ. Mo fi ọ̀pá ìdíwọ̀n onígi mi gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, ó gbẹ táútáú. Mo jó. Màmá ń pàtẹ́wọ́ fún mi lórí ibùsùn.

Mo pe Bọ̀dá lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó." Ẹ̀gbọ́n mi ò lè dunnú sí nǹkan kí wọ́n máà kọ́kọ́ fi í sínú fìríìjì.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Ó ti jo.

Kì í ṣe ibi tó ń jo tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí Màmá gan-an ló ti ń yọ báyìí, ní ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí kò tíì rin rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé yìí. Ó rin wọ inú fóòmù. Wọn ò jí mi. Wọ́n ní ó ti rẹ̀ mí jù, wọ́n kàn sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá jà. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, òwú sì ń já mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu léraléra títí mo fi pa á.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹfà

Ọlọ́dà ní ara ògiri ló rin nígbà tí mo fún gọ́ọ̀mù sí i, pé kí n tún un fún. Mo ra òmíràn. Mo fún un lé orí ti àkọ́kọ́, mo ṣe é nípọn, mo dúró tì í bí ẹni tó ń se mílíìkì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo fọwọ́ kan etí rẹ̀ pẹ́, gbogbo rẹ̀ ká lọ́wọ́ mi, ó bọ́ wálẹ̀ bí awọ orí mílíìkì náà.

Mo kó o lọ bá Ọlọ́dà nínú ọ̀rá.

"Ṣé orí ti tẹ́lẹ̀ lẹ fún un sí ni? Háà! Nǹkan kan kì í lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù yẹn tó bá ti gbẹ o, Àǹtí. Òun fúnra ẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ra ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha ti àkọ́kọ́ kúrò pátápátá."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí."

Mo wò ó lójú, mo wo ojú ọ̀nà, mo yíjú, mo ń lọ ilé. Ká ní mo dúró, ọ̀rọ̀ náà ì bá di ti àwọn ará àdúgbò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹfà

Ọ̀sẹ̀ yìí, gọ́ọ̀mù ni mò ń ha. Mo fi bíléèdì ha á, mo fi ọ̀bẹ ha á, mo fi karosíìnì nù ún, mo tún fi èékánná ha á. Kò fẹ́ wá bó ṣe yẹ kó wá. Ibi tí mo fẹ́ kó lẹ̀ mọ́, ó bọ́. Ibi tí mo fẹ́ kó ti bọ́, ó ní ilé bàbá òun nìyí.

Bíléèdì gé mi ní àtàǹpàkò. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde títí mo fi padà sídìí ẹ̀rọ. Aṣọ iṣẹ́ funfun tí mo ń rán fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìpoògùn ló gbà á sára. Obìnrin náà wá mú un, ó gbé e síta wò, ó rọra ká a padà, ó gbé e lé mi lórí tábìlì. Kò bínú. Ó kàn ní òun máa mú aṣọ yòókù lọ ibòmíràn. Ì bá sàn kó bú mi.

Àyà Màmá ń dún báyìí tí mo ń kọ èyí. Mo ń gbọ́ ọ láti pálọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹfà

Òjò. Òjò. Òjò.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹfà

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n má baà máa tún un sọ fún ara mi ṣáá.

Ní Ọjọ́bọ̀ òjò dá. Mo gbé sítóòfù karosíìnì wọ yàrá, mo tan fáànù kọjú sí ògiri, Màmá ń sùn ní pálọ̀. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta ara fèrèsé gbẹ, ó funfun, eruku gan-an ń gbọ̀n lára rẹ̀. Mo ti ha gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, àfi ti inú àwọn ihò wọ̀nyẹn tó ti wọnú lọ jù, mo sì tún fi tuntun dí wọn lórí kí wọ́n lè le dáadáa. Mo ṣe gbogbo ohun tí Ọlọ́dà ní kí n ṣe. Èyí tó yẹ kí n bi í, mo bi í. Ojú ìrán náà gún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo gbé Màmá padà sórí ibùsùn wọn lónìí lẹ́yìn ìsìn, mo tẹ́ aṣọ tuntun, wọ́n ní yàrá àwọn ti padà.

Ìjì bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo kọjú sí ògiri. Kò yọ ní ìsàlẹ̀ fèrèsé. Kò yọ ní ẹ̀gbẹ́ orí. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sọ fún Màmá pé ẹ ò rí i? Ẹ ò rí i? Nígbà náà ni ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ó yọ ikùn síta bí ikùn aboyún, ó là, símẹ́ńtì àti omi pupa ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dà sórí ẹsẹ̀ Màmá lórí kúbùsù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́.

Wọn ò pariwo. Èmi ni mo pariwo.

Mo gbé wọn lọ sí pálọ̀, mo fọ ẹsẹ̀ wọn. Mo sunkún bí ọmọdé, mi ò tijú. Màmá na ọwọ́, wọ́n fi wọ́ mi lórí. "Abẹ́rẹ́," wọ́n máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́, "Abẹ́rẹ́, ilé ni. Kì í ṣe ìwọ."

Èmi ni, Màmá. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ni. Kò burú tó báyìí kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Keje

Nọ́ọ̀sì ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ mọ́. Ó ní eruku pálọ̀ àti ọ̀rinrin yàrá ti para pọ̀ dí àyà Màmá, pé ẹsẹ̀ wọn ti ń wú. Ó pààrọ̀ oògùn. Èyí tuntun wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń gba oorun lójú wọn.

Bọ̀dá ti mú ọjọ́. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá. Wọ́n ti bá ẹni tó ni ọkọ̀ tó ní ibi ìdùbúlẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ẹ fún mi láàyè díẹ̀ sí i."

Wọ́n ní, "Láàyè láti ṣe kí ni? Àbí o fẹ́ kó wó lé wọn lórí?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Keje

Àárọ̀ yìí, Màmá ń mu tíì, orí wọn pé. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Wọ́n dẹtí sílẹ̀, wọ́n wá bi mí bí ẹni tó ń bèèrè ará ilé kan tó rìnrìn àjò:

"Ṣé wọ́n ṣì ń sunkún?"

"Àwọn wo, Màmá?"

"Àwọn ojú tí bàbá yín fi sábẹ́ fèrèsé mi. Tí òjò bá ti dá, mo máa ń gbọ́ wọn, tó, tó, tó, lórí páànù ẹ̀yìnkùlé. Oorun ló máa ń fún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Mo ní etí mi ló ti lọ nìyẹn, mi ò fẹ́ fi kún ìdààmú ẹ."



Mo ní, "Kí ni Bàbá ṣe wọ́n fún?"

"Fún omi ni. Ó ní kò sí fèrèsé tí òjò ò ní wọnú ẹ̀, pé férémù ìsàlẹ̀ yẹn dà bí ọpọ́n, omi tó bá gba òkè wọlé á dúró síbẹ̀, á sì gba ojú yẹn jáde. Ó lù wọ́n fúnra ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, èmi ni mo bá a di fìtílà mú."

Omi tó gba òkè wọlé. Òkè tí mi ò débẹ̀ nítorí àkàbà ń mì. Gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, omi ń wọlé lókè, mo dúró nísàlẹ̀, mo ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sínú. Ibo ni kó lọ? Ó gba ara ògiri lọ bá Màmá.

Mo sọ fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ojú ń tì mí. Wọ́n wò mí títí, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. "Ọmọ mi ti rán ilé lójú pa!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn, tí mo ní láti di wọ́n mú. Kí wọ́n tó sùn, wọ́n ní, "Lọ là á lójú."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje

Mo yá àkàbà kafíńtà tó wà ní òpópónà kejì, èyí tí kì í mì. Ohun tí mo rí lókè fèrèsé bà mí lẹ́rù: férémù ti fi ògiri sílẹ̀ láti etí dé etí, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ibẹ̀. Mo gbọn eruku rẹ̀, mo fún gọ́ọ̀mù sí i, mo tún ṣe ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìsàlẹ̀, mi ò fún un ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ sídìí àwọn ihò Bàbá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ńlá tí mo fi ń rán tapólì. Gọ́ọ̀mù náà ti le bí eyín. Mo ń gún un, mo ń yí i, mo ń fà á jáde ní wẹ́wẹ́. Nígbà tí ihò àkọ́kọ́ là, omi fò jáde sí mi lójú, ó dúdú, ó ń rùn bí ohun tó ti kú. Ó ń ṣàn, ó ń ṣàn. Kò sì sí òjò láti àná o! Inú ògiri ló ti wà. Ìyẹn ni Màmá ń sùn tì.

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, mo ń wò ó bó ṣe ń ṣàn.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Keje

Oòrùn. Ọ̀run mọ́ kedere. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà mò ń bẹ òjò pé kó lọ; àkókò tí mo nílò rẹ̀ kí Bọ̀dá lè fojú rí i, ó ti lọ.

Ògiri ṣì rin. Mo bi kafíńtà nígbà tí mo dá àkàbà padà. Ó ní ògiri tó mu omi tó báyẹn, oṣù kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó gbẹ dénú. Mo ní ọjọ́ Àìkú ńkọ́. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Keje

Bọ̀dá dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n ti rù. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, wọ́n pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n dìde ojú wọn pupa. Mo ti ń bá wọn jà lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́ débi pé mo gbàgbé pé ìyá tiwọn náà ni.

Mo mú wọn yí ilé ká. Mo fi òkè hàn wọ́n, mo fi àwọn ihò hàn wọ́n, mo ṣàlàyé ọpọ́n Bàbá. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ògiri, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi hàn mí. Ó rin.

"Bọ̀dá, ó máa gbẹ. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí òjò kan ṣoṣo rọ̀."

"Mo gbà ẹ́ gbọ́," wọ́n ní. "Mo gbà pé ó máa gbẹ. Ṣùgbọ́n tí ó bá gbẹ lẹ́yìn tí Màmá ti lọ ńkọ́?"

Mo fẹ́ kí wọ́n pariwo mọ́ mi. Wọn ò pariwo.

Màmá ò kọ̀. Ìyẹn ló pa mí. Mo ti ń retí kí wọ́n sọ pé àwọn kì í ṣe ẹrù, kí wọ́n di férémù bẹ́ẹ̀dì mú. Wọ́n kàn ní, "Ẹ dì mí mú dáadáa." Bọ̀dá dì wọ́n mú lápá kan, èmi lápá kejì. Nígbà tí a gbé wọn gba ẹ̀yìnkùlé lọ sídìí ọkọ̀, wọ́n ní ká dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n na ìka wọ inú ihò kan, wọ́n yí i níbẹ̀ bí ẹni tó ń nu imú ọmọ.

"Má dí wọn mọ́ o, Abẹ́rẹ́."

"Mi ò ní dí wọn, Màmá."

"Má sì gbé bẹ́ẹ̀dì mi kúrò."

Ọkọ̀ lọ. Mo wọlé, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Títí alẹ́ fi lẹ́, mi ò rí nǹkan kan rán.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Keje

Oòrùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́ lókò.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Keje

Òjò rọ̀, ọ̀wààrà, pẹ̀lú ìjì. Mo wọ yàrá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé ògiri títí ó fi dá. Kò sí nǹkan kan. Kò yọ lókè, kò yọ nísàlẹ̀, kò wú. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ lórí páànù ẹ̀yìnkùlé. Tó. Tó. Tó.

Mo pe Bọ̀dá. Ìyàwó wọn ló gbé e. Ó ní wọ́n gbé Màmá lọ ilé ìwòsàn lánàá nítorí èémí, pé kí n má da ara mi láàmú, pé wọ́n ti ń mí dáadáa. Mi ò sọ̀rọ̀ fèrèsé. Mo ní ká máa gbàdúrà.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Keje

Bọ̀dá pè lọ́sàn-án. Màmá ti kúrò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti padà sílé lọ́dọ̀ wọn. Dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀, pé wọn ò gbọdọ̀ tún rin irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo bi wọ́n pé títí di ìgbà wo. "Abẹ́rẹ́," wọ́n ní. Bọ̀dá ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n gbé fóònù fún Màmá. Ohùn wọn ti di ohùn ọmọ kékeré.

"Ibí gbẹ o. Ó gbẹ bí ìyàngbẹ. Wọ́n ti ti gbogbo fèrèsé débi pé mi ò gbọ́ òjò. Ṣé ó ń rọ̀ lọ́dọ̀ ẹ?"

Ó ń rọ̀. Ó ti ń dá lọ ni.

"Yàrá ńkọ́?"

"Ó ti gbẹ, Màmá."

"O ò purọ́?"

"Ẹ dúró."

Mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mi ò bo orí. Mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé, mo na fóònù sí ibi tí àwọn ihò ti ń kán sórí páànù. Tó, tó, tó. Òjò tó kù ń rọ̀ sí mi lẹ́yìn, aṣọ mi lẹ̀ mọ́ mi lára. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí mo gbé fóònù padà sétí, mo rò pé wọ́n ti sùn lọ. Èémí wọn nìkan ni mò ń gbọ́, ó ń wọlé, ó ń jáde, pẹ̀lú ohùn hàn-ìn-hàn-ìn tí mo mọ̀ yẹn.

"Màmá?"

"Ta ló ní kó o gbé e kúrò?"

Mo dá a padà síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ kejì di ẹnu mi kí ẹkún mi má baà bá a wọlé. Òjò dá pátápátá, omi náà ń kán díẹ̀díẹ̀, mo sì dúró tì í títí omi fi wọnú fóònù, tó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo wọlé. Mo bọ́ bàtà, mo nu ẹsẹ̀ mi dáadáa lẹ́nu ọ̀nà, kí n má baà fi omi sílẹ̀ sínú yàrá Màmá.